ÀKÀBÀ INÚ ERÉ: TA NI Ó Ń GA, ỌMỌ NI TÀBÍ Ẹ̀RỌ?

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọdún Iléyá, ìrìn-àjò gbé wa dé Ìbẹfun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Lábẹ́ ibòji kan, àgbàlagbà méjì jókòó ti ọpọ́n ayò. Kò jìnnà sí wọn, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan pagbo yí fóònù kan ṣoṣo ká. Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan ń yangàn pé akọni òun ti dé ìpele 40 nínú eré tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. Èkejì rẹ̀, tí ó ti ń bá eré náà bọ̀ láti oṣù mẹ́ta, tí akọni tirẹ̀ kò sì tí ì kọjá ìpele 22, fi ìbínú dá a lóhùn pé: "Owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ láti Èkó ni ó dé ìpele 40. Ìwọ fúnra rẹ ṣì wà nílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà gbójú sókè, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìpele. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé ara yín ni ìpele ọ̀hún wà ni, àbí inú fóònù?" Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni ó dáhùn pé, "Inú fóònù ni, Bàbá." Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sídìí ayò rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi délé. Òun ni a sì fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, tí ìgbéga àwọn ọmọ láti kíláàsì kan sí èkejì jẹ́ iṣẹ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn nínú eré ọmọdé, a ó dá a lóhùn pé ibi tí ọmọ bá ń lo wákàtí rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti ń gba ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wa ń lo wákàtí púpọ̀ nídìí àwọn eré wọ̀nyí. Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Eré tí à ń wí yìí jẹ́ irú èyí tí ẹni tí ń ṣe é máa ń fi ara rẹ̀ sí ipò akọni inú ìtàn. Yóò gbé idà, yóò la igbó já, yóò bá ẹ̀dá abàmì jà, yóò sì gba ìlú sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kì í ṣe àjèjì sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni àkàbà tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀ nígbà náà. Bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì, gẹ́gẹ́ bí ti lúdò, ni wọ́n fi ń ṣe é. Akọni tí ó bá ṣẹ́gun ọ̀tá, tí ó sì rí ìṣúra, a máa gba máàkì ìrírí. Bí máàkì jagunjagun bá pé 2,000, yóò bọ́ sí ìpele kejì. Bí ó bá pé 4,000, ó di ìpele kẹta. Bí ó bá pé 8,000, ó di ìpele kẹrin. Bí ó ti ń gòkè ni ẹ̀mí rẹ̀ ń yi sí i, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń le sí i lójú ìjà.

Láti orí bébà ni àkàbà náà ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ eré. Àwọn ará Jàpáànù gbé Dragon Quest jáde ní 1986, Final Fantasy ní 1987, àti Pokémon ní 1996. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé Pokémon yìí yẹ̀ wò. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko inú rẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ máàkì tí ìpele 10 ń béèrè, a ó ṣe ìṣirò 10 lọ́nà 10, kí a tún sọ ọ́ di ìlọ́po 10: ó jẹ́ 1,000. Ìpele 20 ń béèrè 8,000. Ìpele 50 ń béèrè 125,000. Ìpele 100, tí ó jẹ́ òpin, ń béèrè 1,000,000. Ọmọ tí ó bá dé ìpele 50 lè rò pé òun ti dé ìdajì ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá kan péré nínú mẹ́jọ iṣẹ́ náà ni ó tí ì ṣe.

Kí ni ó wá mú kí irú làálàá bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọmọ? Àwa rò pé ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Kò sí ọmọ ènìyàn tí inú rẹ̀ kì í dùn bí ó bá rí i pé òní òun sàn ju àná òun lọ. Ṣùgbọ́n nínú ayé tí à ń gbé, ìdàgbàsókè a máa fara pamọ́. Ẹni tí ó gbin igi obì yóò dúró fún ọdún púpọ̀ kí ó tó ká a. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò kàwé fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ó tó rí ìwé èsì rẹ̀, àìmọye ìgbà ni kì í sì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju pé ó ṣe ipò 31 nínú ọmọ 40. Nínú eré yìí, ojú ẹsẹ̀ ni òógùn ń so èso. Ẹranko tí ó lé akọni náà sá lánàá, òun ni yóò sá fún un lónìí. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ tí a kò yìn rí ní kíláàsì, tí a kò sì yìn rí nílé. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ohun kan ti ń sọ fún un pé, "O ṣe é o, ó ku díẹ̀ sí i." Kí á tó bú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ìgbà tí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn.

Bí ìpele ti lè mú eré dùn tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpele kan náà a máa ba eré jẹ́ pẹ̀lú, ọ̀nà mẹ́ta ni a sì rí tí ó ń gbà bà á jẹ́.

Ọ̀nà kìíní ni kí ìpele di iṣẹ́ aláìnírònú. Àwọn eré kan wà tí ọ̀nà àtigòkè inú wọn kò ju kí á máa pa ẹranko kan náà léraléra, ní igbó kan náà, láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ náà ti mọ bí a ti ń pa á láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ohun tuntun kan tí ọwọ́ tàbí orí rẹ̀ ń kọ́ mọ́, kìkì pé nọ́ńbà ń pọ̀ sí i. Ó dàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ní kí ó máa kọ A, B, D sára sílétì fún odidi ọdún kan, nígbà tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ láti ọdún tí ó kọjá. Sùúrù dára; baba ìwà ni. Ṣùgbọ́n sùúrù tí kò kọ́ni ní nǹkan kan, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọ̀nà kejì ni kí ayé inú eré máa ga bí akọni ti ń ga. Eré kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, The Elder Scrolls IV: Oblivion, jáde ní 2006. Eré ńlá ni, ó sì lókìkí. Ṣùgbọ́n bí ìpele akọni ti ń lọ sókè nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọ̀tá ń lọ sókè. Ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà tí ń fi ipá gba 100 owó wúrà lọ́wọ́ èrò yóò ti gbé ìhámọ́ra olówó ńlá wọ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá tà á, kò ní nílò olè jíjà mọ́. Kí ni àǹfààní gígòkè, bí ilẹ̀ bá ń bá ẹsẹ̀ ẹni gòkè? Àwọn ọlọ́gbọ́n kan nínú àwọn tí ń ṣe eré náà ṣàkíyèsí pé ìgbà tí akọni bá sùn ni ó tó ń bọ́ sí ìpele tuntun. Ni wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ láti jẹ́ kí ó sùn. Wọ́n rìn ín títí dé òpin ní ìpele ìsàlẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ rọrùn ju òkè lọ. Àkàbà tí ènìyàn ń sá fún ti di ẹrù. A kò yà lẹ́nu pé nígbà tí wọ́n tún eré náà gbé jáde ní 2025, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ètò ìpele rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ó burú jù, òun náà sì ni ó dá ìjà sílẹ̀ ní Ìbẹfun: kí á máa fi owó ra ìpele. Diablo Immortal, tí ó jáde fún fóònù ní 2022, jẹ́ eré tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sanwó nínú rẹ̀ yóò ní agbára tí ẹni tí kò sanwó kò lè tètè ní, àwọn ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá ti sanwó tán, oríire ni yóò sọ ohun tí a ó bá nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti pinnu láti 2018 pé tẹ́tẹ́ ni irú àpótí oríire tí a ń fi owó ṣí bẹ́ẹ̀, òfin tẹ́tẹ́ sì mú un. Nítorí irú òfin yìí, wọn kò gbé Diablo Immortal jáde ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Èyí yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bí ìpele bá di ọjà, ẹni tí ń tà á yóò rí i dájú pé ọ̀nà ọ̀fẹ́ gùn, ó sì le, kí ojú lè pọ́n oníbàárà. Làálàá tí à ń kérora lé lórí nínú ọ̀nà kìíní kì í ṣe àṣìṣe mọ́ nígbà náà, ète ni.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tán pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìpele 40 tí ọmọ yẹn rà, aṣọ ni. Àkísà rẹ̀ kò sí níbẹ̀: ìjà tí ó yẹ kí ó ti pàdánù, ọgbọ́n tí ó yẹ kí ó ti ibẹ̀ kọ́, ọ̀nà tí ó yẹ kí ó ti ṣì kí ó tó mọ èyí tí ó tọ́. A wò ó bí ó ti ń ṣeré. Nígbà tí ó pàdé ọ̀tá tí ó yẹ ìpele rẹ̀, kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sá àti ìgbà tí ó yẹ kí ó lù, wọ́n sì pa akọni rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Adùn kúrò nínú eré náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí wá owó tí yóò fi ra ìpele mìíràn. A sì gbọ́dọ̀ rántí ẹnì kejì rẹ̀, tí ó fi òógùn dé ìpele 22. Ohun tí inú rẹ̀ ti ń dùn sí fún oṣù mẹ́ta di yẹpẹrẹ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìpele tí a tà fún ẹnì kan ti ba ti àwọn tí kò rà á jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ń ṣe eré jáde ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọjà o. Ní 2011, àwọn ará Jàpáànù gbé Dark Souls jáde. Ìpele wà nínú rẹ̀, ó sì ń ran akọni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gba ipò ọgbọ́n. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ti parí rẹ̀ láìgbé ìpele akọni wọn sókè rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gòkè nínú rẹ̀ mọ̀ pé òun àti akọni òun ni ó jọ gòkè. Ní tòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní Yaoundé, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní 2016. Akọni rẹ̀ ni Enzo Kori-Odan, ọmọ ọba Zama, tí àna rẹ̀ dìtẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gorí ìtẹ́, tí òun àti Erine ìyàwó rẹ̀ sì di èrò ìgbèkùn. Agbára tí Enzo ń wá kí ó lè padà sílé, ogún àwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa ni irú ìtàn yìí yóò yé láìsí ògbufọ̀. Bí àwọn aládùúgbò wa bá lè ṣe é, kí ni ó dá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì dúró?

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ayò Ìbẹfun. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ọ̀ta tí ó ti ń ta ayò láti 50 ọdún àti òpè tí ó kọ́ ọ láàárọ̀ yìí, iye kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìjókòó kan bá parí, a ó tún gbogbo rẹ̀ pín ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ó lè gbé agbára àná pamọ́ sínú ọpọ́n. Síbẹ̀ ìpele wà nínú ayò, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n: orúkọ tí ń jẹ́ ọ̀ta kì í ṣe orúkọ kékeré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé orí ẹni tí ń ta á ni ìpele náà wà. Iná kò lè lọ kí ó bá a lọ, fóònù kò lè sọnù kí ó gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó kò sì lè rà á ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbọdọ̀ rò pé òógùn nìkan ni ó ń mú ìpele dùn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí òkìkí wọn kàn gidigidi ní ìgbà Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, ẹni tí ó jẹ Awùjalẹ̀ láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025. Ọjọ́ orí ni a fi ń wọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó làágùn kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé. Síbẹ̀ ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ, nítorí pé òtítọ́ ni ìpele náà ń sọ: ìgbà báyìí ni a bí wa, àwa àti àwọn wọ̀nyí ni a jọ dàgbà. Ọlọ́rọ̀ kò lè fi owó di ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó jù ú lọ. Níbi yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wa wà. Ìpele tí ó bá sọ òtítọ́ nípa ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ a máa dùn, ìbáà ṣe ti ayò, ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tàbí ti ẹ̀rọ. Èyí tí ó bá ń parọ́ kì í dùn pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, a dín ọdún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti 8 sí 6. A sọ àkàbà náà di kúkúrú kí ọmọ tálákà lè gùn ún pẹ̀lú, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ rere ìgbà náà mọ̀ pé kíláàsì kì í ṣe ìmọ̀. Bí ọmọ bá bọ́ sí kíláàsì kẹrin láìmọ ìṣirò ti ẹ̀kẹta, àkàbà ni ó gùn, òun fúnra rẹ̀ kò ga. Lónìí tí àwọn òbí kan ń sanwó kí ẹlòmíràn lè bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò, kí ni a ó sọ fún ọmọ tí ó bá ra ìpele 40 nínú fóònù? Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti rí i kọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí yọ yín sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé àpò owó wọlé lánàá, tí a gbé ka orí àwọn tí ó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ìpele rírà ni òun náà wà lórí rẹ̀, bí ìjà bá sì dé, ẹ ó rí i.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Ní 2021, ìjọba Ṣáínà pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 má ṣe eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ní ọjọ́ Ẹtì, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan. Àwa kò rọ ìjọba wa láti tọ ọ̀nà yìí. Òfin lè ka wákàtí, ṣùgbọ́n kò lè wo inú wákàtí náà. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ̀yin òbí fún ni pé kí ẹ jókòó ti ọmọ yín nídìí eré rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì bi í pé: "Kí ni ìwọ fúnra rẹ lè ṣe lónìí tí o kò lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?" Bí ó bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, ẹ yìn ín. Bí nọ́ńbà nìkan ni ó rí tọ́ka sí, ẹ jẹ́ kí ó wá eré mìíràn. Bí owó sísan bá sì wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ tètè dá sí i kí ó tó di bárakú.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ohun tí ó dára nínú àkàbà náà wọ kíláàsì. Ẹ pín iṣẹ́ ńlá sí ìpele kéékèèké tí ojú ọmọ lè tó. Ẹ jẹ́ kí ó rí i ní ọjọ́ kan náà pé òun ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹ má ṣe fi ohun tí ó ti mọ̀ tì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé e ka ibi tí kò tí ì dé. Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú eré yìí jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó nídìí ayò.

Kí a tó kúrò ní Ìbẹfun, bàbá yẹn pe ọmọ onípele 40 náà wá síwájú ọpọ́n. Ó nà án nínú ayò lẹ́ẹ̀mejì láìmí. Ọmọ náà kò bínú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pín ọmọ ayò náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ta." Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sọnù. Ìṣẹ́ wa ni láti rí i pé àkàbà tí a gbé síwájú wọn, nílé, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti nínú eré, jẹ́ èyí tí yóò gbé wọn ga ní tòótọ́.